Kí Wọ́n Tó Pè Ọ́

Múfútáù, sún mọ́ irin yìí kí n lè gbọ́ ohùn rẹ.
Aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni,
wọn ò tíì gbá iwájú kóòtù tán,
akọ̀wé ṣì ń wá kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù tí fáìlì rẹ wà.
A ní àyè díẹ̀.
Gba búrẹ́dì. Ìyá rẹ ló fi rán mi,
ó wà níta láti ìdájí, ẹsẹ̀ ló fi rìn láti Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun.

Wọ́n ní o jí jẹnẹrétọ̀ ní Òkè-Baálẹ̀.
Wọ́n ní òru ni, wọ́n ní ìwọ nìkan.
Mo lọ síbẹ̀ lánàá, mo wọ bàtà pẹlẹbẹ,
mo gbé irú rẹ̀ wò ní ṣọ́ọ̀bù aládùúgbò:
èmi àti ọmọkùnrin méjì, a ò lè gbé e kọjá gọ́tà.
Ìwọ tí ẹ̀yìn ń dùn láti ìgbà tí o ti ń jó irin,
ṣé èékánná lo fi gbé e ni?
Má rẹ́rìn-ín. Tọ́jú ẹ̀rín yẹn.

Ìwé tí o fọwọ́ sí ní àgọ́ ọlọ́pàá,
Gẹ̀ẹ́sì ni, ojú ìwé méjì gbáko.
Mo bi ọ́ lọ́jọ́ Ajé ohun tó wà nínú rẹ̀.
O ní, "Orúkọ mi nìkan ni mo dá mọ̀, mà."
Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wa.
Má fi iyọ̀ sí i, má fi ata sí i.

Bí wọ́n bá pè ọ́, dìde, ṣí fìlà.
Bí wọ́n bá ka ẹ̀sùn tí kò yé ọ,
má mi orí bí alángbá:
sọ pé o fẹ́ ògbufọ̀.
Bí wọ́n bá bínú, èmi ni wọn yóò bínú sí,
ó wà nínú owó iṣẹ́ mi.
Lẹ́yìn náà, "Mi ò jẹ̀bi." Ó parí.
Má ròyìn ikú bàbá rẹ, má bẹ ẹnikẹ́ni.
Sájẹ́ǹtì Ògúnrìndé yóò ní ìwádìí ò tíì parí,
kí wọ́n dá ọ padà sí ẹ̀wọ̀n Iléṣà.
Má wò ó. Bọ́tìnnì aṣọ mi ni kí o máa wò.

Àbúrò ìyá rẹ, tísà Ìkìrun, ló máa ṣe onídùúró.
Ó wé ìwé ilẹ̀ rẹ̀ sínú láílọ́ọ̀nù,
ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n ju tìrẹ lọ.
Mo ti kìlọ̀ fún un:
ẹni tó bá pè é sẹ́yìn ilé pé kó mú nǹkan wá fún bẹ́ẹ̀lì,
kó kọ́kọ́ wá pè mí.

O wá di irin mú, o ní,
"Mà, ṣé ẹ gbà mí gbọ́?"

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń wọ ẹ̀wù dúdú yìí ní Òṣogbo.
Àwọn kan purọ́ fún mi, mo sì dúró fún wọn.
Ọ̀kan sọ òótọ́, mi ò tètè dé,
ó lo ọdún méjì lórí adìẹ mẹ́fà.
Lásúnkànmí lorúkọ rẹ̀.
Mo ṣì ń yà kúrò lọ́nà bí mo bá rí ìyàwó rẹ̀.

Ìgbàgbọ́ wà ní mọ́ṣáláṣí, ó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì.
Ohun tí mo gbé wá síbí kéré sí i:
kí ẹni tó ní òun rí ọ wá dúró níwájú mi,
kí n bi í bóyá òṣùpá wà lókè lóru ọjọ́ náà.
Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.
Èmi ni ẹnì kejì.

Wọ́n ti rí kọ́kọ́rọ́.
Nu ẹnu rẹ, Múfútáù,
èérún búrẹ́dì wà lágbọ̀n rẹ.