Ikọ́ àti Ìkọ́

Ìbídùn ń wúkọ́ ní Ìwáyà.
Oṣù mẹ́rin péré ló tíì lò láyé.
Mo ka èémí rẹ̀ lábẹ́ iná fóònù:
méjìlélọ́gọ́ta ní ìṣẹ́jú kan,
egungun ìhà ń wọlé, ó ń jáde,
bí àwọ̀n tí wọ́n ń fà nínú omi tí kò jìn.

Lọ́sàn-án, ní Yàbá, kòkòrò yìí ni mo ń wò jẹun.
Mo mọ ẹ̀wù ọ̀rá tó máa ń wọ̀,
mo mọ bó ṣe ń fọwọ́ tọ́ ara sẹ́ẹ̀lì wò
jẹ́jẹ́, bí àlejò tó ń wá ilẹ̀kùn lókùnkùn.
Kì í kanlẹ̀kùn. Kì í fọ́ fèrèsé.

Bàbá mi Orímisàn, atukọ̀,
ti ṣàlàyé rẹ̀ fún mi kí n tó mọ̀wé:
bí ọkọ̀ méjì yóò bá sún mọ́ra lórí ọ̀sà,
ju ìkọ́ sí etí èkejì, kó bù ú jẹ,
kí o wá ká apá rẹ, ká a,
títí ìgbọ̀nwọ́ yóò fi kan ìhà.
Omi tó wà láàrin yóò sá.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni.
Ìkọ́ tí a dẹ bí ẹbìtì wà lára kòkòrò náà.
Ó ré.
Ó gún awọ sẹ́ẹ̀lì, ó ká padà sára rẹ̀,
ọ̀rá fà mọ́ ọ̀rá
bí ẹ̀kán epo méjì lójú ọbẹ̀:
wọ́n kanra, wọ́n gbọ̀n díẹ̀, wọ́n di ọ̀kan.
Ta ló lè tọ́ka sí ààlà?
Ibẹ̀ ni ìwé àṣẹ rẹ̀ gbà wọlé,
tí sẹ́ẹ̀lì ń kà á bíi pé òun ló kọ ọ́.

Èyí tó tún burú:
ilé tó gbà á yóò máa na ìkọ́ kan náà sí aládùúgbò.
Ògiri wó, ògiri wó,
yàrá mẹ́fà di gbọ̀ngàn kan tí ẹnikẹ́ni ò lè gbé.
Mo rí i lábẹ́ ẹ̀rọ awò rí.
Mo ní, "Ó mà rẹwà o."
Kí Ọlọ́run foríjì mí.

Àmì ohùn kan ló ya ikọ́ sọ́tọ̀ sí ìkọ́.
Lóru yìí, mi ò gbọ́ ìyàtọ̀.

Agogo mẹ́rin, Ìdí-Àràbà.
Nọ́ọ̀sì Abọ́sẹ̀dé fi rọ́bà tín-ín-rín sí i nímú,
atẹ́gùn ń ṣe ṣìì.
Ọkọ mi ní, "Ṣebí o mọ kòkòrò yìí?"
Mo ní mo mọ̀ ọ́n.
Kò sọ nǹkan kan mọ́.
Mo ń kà. Méjìdínlọ́gọ́ta.
Mo tún kà.