Eèrà Ò Jáde Lórí Yìnyín

"Òórùn kí ni ìtọ̀ bàbá rẹ ń rùn?"
Ìyáàfin Halyna ló bi mí, ní Saskatoon,
bírò lọ́wọ́, ìwé rẹ̀ nípọn bí búrẹ́dì.
"Ṣé ti ẹṣin ni? Ṣé ti ológbò?
Àbí ti òdòdó elésè àlùkò?"
Ó ní oògùn kọ̀ọ̀kan ló mọ òórùn tí í dá lóhùn.
Ó di ìgò méjì fún mi:
bó bá jẹ́ ẹṣin, èyí; bó bá jẹ́ ológbò, ìyẹn.

Mi ò gbóòórùn ẹṣin rí láyé mi.
Ní Ìgbájọ, ẹṣin inú kàlẹ́ńdà nìkan la ní,
ìyẹn kì í sì í tọ̀.

Ni mo bá wakọ̀ lọ sí oko kan lẹ́yìn ìlú,
òtútù ń bù mí létí jẹ.
Mo dúró nínú ilé ẹṣin, mo fa imú:
kíkan, líle,
bí aṣọ tí wọ́n rẹ sómi tí wọ́n gbàgbé.
Ọmọkùnrin tó ń kó koríko wò mí, kò sọ nǹkan kan.
Kí ni ǹ bá wí fún un?

Mo délé. Bàámi wà níbi tí mo fi wọ́n sí,
lẹ́bàá fèrèsé, ife omi kẹrin ti gbẹ lọ́wọ́ wọn,
ṣòkòtò tó há mọ́ wọn nígbà ooru
ti ń já bọ́ nídìí.
Mo gbé ike náà dé imú, mo dijú.
Kì í ṣe ẹṣin. Kì í ṣe ológbò.
Nǹkan dídùn kan ló rọra yọ,
bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù nínú àpò.

Ìyá àgbà ò ní ìwé.
Wọ́n á ní: ẹ jẹ́ kó tọ̀ sẹ́yìn ilé,
kí ẹ wá lọ jókòó.
Ọjọ́ tí eèrà tò wá síbi ìtọ̀ Bùọ̀dá Fájìmí,
kò sẹ́ni tó tún bèèrè nǹkan.

Ṣùgbọ́n oṣù Ṣẹ́rẹ́ la wà.
Mo da díẹ̀ sórí yìnyín, mo dúró bí òmùgọ̀.
Ó gbẹ́ ihò pupa rúsúrúsú kan, ihò náà sì dì.
Eèrà kankan ò jáde.

Mo ṣí ìgò ẹṣin, mo fi hóró kan lé ahọ́n.
Ṣúgà ni.

Mo ní, "Bàámi, ẹ wọ kóòtù. Ọsibítù là ń lọ."
Wọ́n ní, "Kí ni ẹṣin ọ̀hún wí?"
Mo ní, "Ó ní kì í ṣe òun."