Fìríjì Òkè-Bọ́là

Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń se ìkọ́kọrẹ́ l'Ókè-Bọ́là,
tí Màdáámù ń gba oríyìn rẹ̀ níwájú.
"Ta ló sè é?"
"Èmi mà ni!"
Mo ń gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì,
ṣíbí lọ́wọ́, ẹnu mi dí bí ìgò tí wọ́n dé.

Ni fìríjì bá bàjẹ́. Ni Látúnjí bá dé
pẹ̀lú àpò irin àti èjí tó tutù lẹ́nu.
Ó tún un ṣe lọ́jọ́ Ajé.
Lọ́jọ́bọ̀, ó tún kú.
Màdáámù káwọ́ lérí: "Ṣé àbíkú ni fìríjì yìí ni?"
Mo dákẹ́. Èmi ni mo ń fa wáyà.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ bu oúnjẹ fún un fúnra mi,
ọwọ́ mi gbọ̀n, mo da iyọ̀ sí i lẹ́ẹ̀mejì.
Ó jẹ ẹ́ tán. Ó mu omi kọ́ọ̀pù márùn-ún.
"Ó dùn," ló wí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.
"Irọ́ lo pa."
"Bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá kì í ṣe irọ́.
Mo mọ ọwọ́ tó sè é.
Mo sì mọ ọwọ́ tó ń fa wáyà."

Mo ní kí ilẹ̀ lanu. Ilẹ̀ kọ̀.

Níwájú, ẹnìkan tún ń bèèrè: "Ta ló sè é?"
Kí Màdáámù tó ya ẹnu, mo ti já síta,
aṣọ ìdáná mi rin gbindin fún epo:
"Èmi ni! Adéṣẹwà, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó!"
Ológbò sá kúrò lórí àga.
Látúnjí fi sípánà lu abọ́ fún mi.

Fìríjì ò bàjẹ́ mọ́.
Látúnjí ṣì ń wá lọ́jọ́ Ajé,
ó ní òun wá gbọ́ bó ṣe ń mí.