Kan Ilẹ̀kùn

Ọdún mẹ́tàlélógójì ni mo fi kan ilẹ̀kùn ní Àrámọ̀kọ,
ìrókò fún olówó, àràbà fún ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ ò ká ìrókò,
ti ilé ìwé, ti ilé ìjọsìn, ti yàrá ìyàwó tuntun.
Mo mọ ohun tí wọ́n ń ṣe ilẹ̀kùn fún.
Kì í ṣe torí olè nìkan.
A ń kan ilẹ̀kùn kí ẹlòmíràn lè kan ilẹ̀kùn.

Nílé àgbà tí àwọn ọmọ mi gbé mi wá yìí,
lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Ẹ̀rìò,
ilẹ̀kùn wà, àwọn òṣìṣẹ́ ni ò rí i.
Wọ́n á tì í gbàà,
wọ́n á bá mi níbi tí mo ti ń wá ẹsẹ̀ ṣòkòtò:
“Bàbá, ẹ jẹ́ á lọ wẹ̀.”
Wọ́n ní “ẹ”. Mo gbọ́ “ẹ” náà.
Ọ̀wọ̀ wà lẹ́nu, kò sí lọ́wọ́.

Ìkọ́gòsì ò jìnnà síbí.
Omi ń gbóná jáde látinú àpáta níbẹ̀, ẹnìkan ò ko igi sí i nídìí.
Èmi ni wọ́n wá ń fi omi tútù wẹ̀ nínú ọyẹ́,
ilẹ̀kùn balùwẹ̀ ní ṣíṣí sílẹ̀ gbayawu,
ọmọ tó ń gbálẹ̀ ń kọjá, ó tún ń padà bọ̀.
Mo ti di ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin.
Ara mi ti rọ, kò tíì di ìran wíwò.

Ìwé kan wà lára ògiri, lókè fíríìjì:
ohun tó tọ́ sí arúgbó, ohun tí òṣìṣẹ́ ò gbọdọ̀ ṣe.
Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́, lẹ́tà rẹ̀ dà bí ẹyin eèrà,
wọ́n gbé e ga bí ẹni pé àgùfọn ló ń gbébẹ̀.
Àwọn tó wá láti Adó ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n lọ.

Lóru ọjọ́ kan, Bàbá Ògúnsakin tí a jọ ń pín yàrá tọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì.
Mo gbọ́ òṣé. Mo gbọ́ “Ẹ ò ní pa mí.”
Mo gbọ́ igbe kékeré kan,
bí ìgbà tí ìṣó bá ya igi gbígbẹ.
Nígbà tílẹ̀ mọ́, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ti wú, àmì ìka mẹ́rin.
Ó ní òun ṣubú ni.
Ó ní, “Jòsáyà, jọ̀ọ́. Àwọn ló ń fún wa lóúnjẹ.”

Ẹ̀rù bà mí, n ò ní purọ́.
Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ titun wọ́.
Tó bá wá jẹ́ orí àgbà ló wọ́ ńkọ́?
Ta ló wà lọ́jà?

Mo fọ̀pá tilẹ̀ dé ọ́fíìsì mátírọ́ọ̀nù.
Mo kan ilẹ̀kùn. Mo dúró títí ó fi dáhùn.
Mo ní kó kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀,
kó sì ka ohun tó kọ sí mi létí.
Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.
Nígbà tó rí i pé n ò jókòó, ó mú bírò.

Ẹni tó fún Ògúnsakin lọ́wọ́ ò wá mọ́ lọ́sẹ̀ yẹn.
Bóyá wọ́n lé e, bóyá wọ́n gbé e lọ sílé àgbà mìíràn,
n ò mọ̀, ó sì ń dùn mí pé n ò mọ̀.

Mo tọrọ òòlù. Wọ́n ní rárá. Mo tún tọrọ.
Ìbídùn, ọmọ Ìjerò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, sọ ìwé náà di Yorùbá,
ó kọ ọ́ gàdàgbà gàdàgbà.
Èmi fi àjákù ìrókò ṣe férémù rẹ̀,
mo kàn án mọ́ ibi tí ojú ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ lè bá a.

Lánàá, ní ìrọ̀lẹ́,
kó, kó, kó.
Mo dákẹ́. Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i.
Kó, kó, kó.
“Bàbá Fámorótì, Ìbídùn ni o. Ṣé kí n wọlé?”
N ò ṣe nǹkan kan. Mo kàn jókòó ni,
ṣòkòtò mi wà nídìí mi.
Mo ní, “Dúró ná.”
Ó sì dúró.