Ọkọ̀ Ṣì Léfòó

Oṣù kẹta ni ìwé wọn máa ń dé,
nígbà tí yìnyín etíkun Nova Scotia ṣì rọ̀ mọ́ fèrèsé
bí ọmọ tí kò fẹ́ kí ìyá rẹ̀ jáde.
Èmi ni mo ń to ìròyìn wọn, ọdún kẹtàdínlógún rèé,
nínú yàrá kékeré lẹ́yìn ilé ìkàwé kọ́lẹ́ẹ̀jì wa,
èmi, àwo bisikíìtì kan, àti ẹ̀rọ amúlégbóná tó ń hanrun.

Àwọn tó jáde ní 1952 ni mo kọ́kọ́ ń ṣí. Wọn ò pọ̀ mọ́.
Euphemia MacAskill fi gègé kọ tirẹ̀,
ọwọ́ ń gbọ̀n, lẹ́tà ń yọ̀ bọ́ sílẹ̀ lórí ìlà:
òun ti ta mẹ́rin nínú màlúù márùn-ún tó kù,
ìkarùn-ún kò ṣe é tà, torí ó mọ ohùn òun.
Ó béèrè pé, ta ló kù nínú wa?
Mo kà wọ́n. Mo fèsì pé, “Ẹ ṣì pé mẹ́ta,”
bí ẹni pé ẹni mẹ́ta jẹ́ ọmọ ogun.

Lorne Comeau, 1968, ti gba orúnkún irin ní Halifax.
Ó ní òun á tún padà máa jó.
Kò jó rí nígbà tí tẹran-ara ṣì wà níbẹ̀;
ojú mi ló ṣe.

Perpetua Doiron ti kọ ọkọ rẹ̀ kẹta.
Ó ní kí n má kọ ọ́ síbẹ̀.
Lọ́jọ́ kejì ó tún ránṣẹ́: “Kọ ọ́. Kí wọ́n kúkú mọ̀.”

Àwọn 1996, ọ̀gá èyí, olùdarí tọ̀hún,
oyè wọn gùn ju orúkọ wọn lọ.
Anselm Gaudet nìkan ló jẹ́wọ́ pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ òun,
pé òun ń kọ́ búrẹ́dì ṣíṣe,
pé ìyẹ̀fun kì í béèrè ọjọ́ orí lọ́wọ́ ẹni.
Mo fi tirẹ̀ ṣáájú. Ẹ má bínú.

Àwọn 2019 kì í parí gbólóhùn.
Ajá. Ilé tí owó wọn ò ká.
Tamsin Sarty fi fọ́tò ọmọ tuntun ránṣẹ́,
ọmọ náà ń wò wá bí ẹni tí a jẹ ní gbèsè.

Ṣùgbọ́n Murdoch Levangie, ẹlẹgbẹ́ mi ní 1974,
tó ka fìlọ́sọ́fì yanjú tó sì padà sínú ọkọ̀ ìpẹja bàbá rẹ̀,
ọ̀rọ̀ kan náà ló ń kọ sẹ́yìn káàdì lọ́dọọdún:
“Kò sí tuntun. Ọkọ̀ ṣì léfòó.”
Mo máa ń bínú tẹ́lẹ̀.
Ṣé odindi ọdún kan lẹnìkan gbé láyé
tí kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́fà lọ?

Lọ́dún yìí, káàdì ò dé.
Mo dúró de póòsì ọjọ́ Ẹtì, mo dúró de ti Ajé.
Mo tẹ̀ ẹ́ láago, ó dún títí.
Colette ọmọ rẹ̀ ló gbé e.
Ó ní ara bàbá òun le,
abẹ́ ọkọ̀ ló wà. Wọ́n ti wọ́ ọ gòkè sórí ilẹ̀,
igi ìdí rẹ̀ ti jẹrà.
Ó ní bàbá òun ti kọ káàdì náà tán,
ló bá fà á ya. Ó ní òun ò lè purọ́.

Mo ní, kí wá ni kí n kọ?
Ó lọ béèrè.
Mo gbọ́ òòlù tó dákẹ́. Mo gbọ́ atẹ́gùn.
Ó padà dé: “Ó ní kí ẹ kọ pé tuntun wà.
Ó ní ìyókù di ẹ̀ẹ̀mí-ìn.”

Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe kọ ọ́.
Èmi tí n kì í sọ nǹkan kan nípa ara mi,
mo fi ìlà kan sí i nísàlẹ̀:
ẹni tó ń to ìròyìn yìí
ti lọ wo ọkọ̀ kan.