Iyọ̀ Àjàrà

Ọyẹ́ ti dé sí Bùkúrù. Ètè ń là.
Omi inú kòtò ìwakùsà tutù bí ojú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí.
Lẹ́yìn ilé Ngo Kaneng,
níbi tí àjàrà ti gun wáyà títí dé páànù,
kẹ́ẹ̀gì márùn-ún ti dúró láti oṣù Ọ̀wàrà,
omi èso tí a fún, tí ẹnikẹ́ni ò rà.

"Ẹ dà á nù," ni Dachung ọmọ rẹ̀ wí,
"gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ló kù níbẹ̀."
Mo ní: ọmọ mi, ta ní í da ògì nù
nítorí pé omi rẹ̀ kan?
Omi ló ń lé téńté lókè.
Ẹ̀kọ ọ̀la wà nísàlẹ̀, kò pariwo.

A fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ fa omi náà kúrò,
pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹní ń sọ ọmọ tó sùn kalẹ̀ lẹ́yìn.
Mo ti ọwọ́ bọ kẹ́ẹ̀gì.
Ẹrọ̀fọ̀ aláwọ̀ àlùkò, ó ń yọ̀;
ṣùgbọ́n lábẹ́ rẹ̀, lára ike,
nǹkan rí ṣákiṣàki, ó ha mí níka.
Mo fi ahọ́n kàn án.
Ó kan. Kì í ṣe kíkan ọsàn wẹ́wẹ́ tí í sáré lọ;
kíkan tó fìdí jókòó ni.

Bàbá mi ni mo rántí.
Oyèwùsì, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́,
tó wọ rélùwéè wá síbí, tó ní ọdún méjì lòun ó lò.
Ogójì ọdún ló fi dúró nínú odò pẹ̀lú igbá,
ó ń yí i, ó ń mì í,
iyanrìn fífúyẹ́ ń bá omi lọ,
tánńganran dúdú ń kó ara rẹ̀ jọ sí ìdí igbá.
"Ohun tó wúwo kì í sáré," ni yóò wí,
yóò sì wúkọ́.
Ikọ́ náà ló mú un lọ. Igbá rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi.

Òun ni mo fi fọ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yìí,
omi tútù lẹ́ẹ̀mẹta; omi tútù kì í yọ́ ọ.
Èèpo bá omi lọ. Ìwúkàrà bá omi lọ.
Ìyókù, mo dà á sínú omi tó ń hó lórí iná.
Ó pòórá.
"Ìyá, ó ti tán," ni Dachung wí, ẹ̀rín ń pa á.
Mi ò dá a lóhùn. Mo ń wá aṣọ tí mo lè fi sẹ́ ẹ.

Ọ̀já ni mo rí.
Ọ̀já tí mo rà lọ́dún kan tí mi ò lò ó.
Àwọn tó wá kí mi lọ́jọ́ náà ní,
omi ló dànù, agbè ò fọ́.
Mo ṣe àmín.
Kò sẹ́ni tó bi mí pé kí ló kù ní ìdí agbè.
Mo sẹ́ omi gbígbóná náà nínú rẹ̀.
Ó ti pọ́n báyìí, kò ní í mọ́ mọ́.

A gbé ìkòkò síta fún ọyẹ́.
Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, iyọ̀ funfun ti hù ní ìdí rẹ̀,
etí rẹ̀ mú, ó ń tan bí yìnyín.
A sá a lórí páànù.
Agolo mílíìkì kan àti àbọ̀, nínú kẹ́ẹ̀gì márùn-ún.

Làmídì oníbúrẹ́dì ní òun ó ra agolo náà,
pé tí òun bá pò ó mọ́ sódà, kéèkì òun á wú.
Àbọ̀ yòókù, Ngo Kaneng bù ú sí àkísà,
ó fi nu ẹ̀gbà bàbà ìyá rẹ̀
títí tó fi rí ojú ara rẹ̀ níbẹ̀, tó sì dákẹ́.

Dachung ń bi mí nípa omi tó kù nínú ìkòkò,
ṣé kí òun dà á nù.
Mo ní kó gbé e padà síta.
Ọyẹ́ ò tíì lọ.