Páálí Abẹ́ Ọkọ̀

Ní Sodankylä, oṣù kìíní, òtútù ń gé etí bí abẹ.
Lálẹ́ àná Hilkka ti páálí bọ abẹ́ Dátsọ̀n olóògbé:
kí ọkọ̀ fẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tó ń dùn ún.

Ilẹ̀ mọ́, ká ṣáà sọ pé ó mọ́,
oòrùn ò ní yọjú kí aago mọ́kànlá tó lù.
Ó fa páálí jáde, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i.
Ẹ̀kán mẹ́ta, dúdú minimini, lápá òsì.
Ó na ọwọ́ sínú ẹ́ńjìnnì, ó tọ ipa epo náà:
ìdérí òkè ló ń sunkún,
omijé ń gba ẹ̀yìn páìpù sọ̀ kalẹ̀.
Ìsàlẹ̀ la ti rí i. Òkè ló ti ṣẹ̀.

Ó yí kọ́kọ́rọ́. Rìn-rìn-rìn-rìn. Kò gbaná.
"Bátìrì ni," Veikko wí láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀.
Bátìrì wo? Èyí tó ń yí bíríbírí?
Ó tú pọ́lọ́ọ̀gì: ó rin gbindin, ó ń rùn fún bẹntiróòlù.
Mo ti fa ṣóòkù jù, ó ní. Ìka méjì péré ni Oiva fi ń fà á.
Ó to pọ́lọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí sítóòfù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọfí.

Bí wọ́n ti ń gbẹ ló yí páálí padà.
Lẹ́yìn rẹ̀, pẹ́ńsù Oiva: ẹ̀kán kan, oṣù kẹsàn-án.
Méjì, oṣù kọkànlá. Ibì kan náà.
Ó mọ̀, kò sọ,
bó ṣe mọ̀ nípa àyà rẹ̀, tí kò sọ.

Hilkka wá pẹ́ńsù.
Mẹ́ta, ló kọ.